Ìrù Aláǹtakùn Inú Áńbà: Ohun Àjogúnbá àti Ohun Àṣẹ̀ṣẹ̀dá

Ìwé ìwádìí méjì ni mo fẹ́ yẹ̀ wò lọ́tẹ̀ yìí, kì í sì í ṣe ìwé ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè. Bo Wang àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ló kọ ọ̀kan, Diying Huang àti ẹgbẹ́ tirẹ̀ ló kọ èkejì. Oṣù Kejì ọdún 2018 ni àwọn méjèèjì jáde nínú jọ́nà kan náà, Nature Ecology & Evolution. Ẹ̀dá kan náà ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀: ohun kékeré kan tó jọ aláǹtakùn, tó ní ìrù, tí oje igi gbé mì ní nǹkan bí mílíọ̀nù 99 ọdún sẹ́yìn. Orúkọ rẹ̀ nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ni Chimerarachne yingi.

Ẹ má tíì bi mí pé kí ni onímọ̀ èdè ń wá nínú ọ̀rọ̀ aláǹtakùn. Ìbéèrè tí àwọn ìwé méjèèjì ń dáhùn ni ìbéèrè tí a máa ń bi ara wa ní kíláàsì ìfiwéra èdè: bí nǹkan méjì bá jọra, irú ìjọra wo ló ń fi hàn pé ọmọ ìyá ni wọ́n? Ẹgbẹ́ méjèèjì wo ẹ̀dá kan náà, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni ibi tí wọ́n fi í sí nínú ẹbí. Lójú tèmi, ìwé Wang ló sún mọ́ òótọ́ jù. Lójú tèmi náà, orúkọ tí wọ́n fún ẹ̀dá yìí kò bá a mu rárá. Ọ̀rọ̀ kẹta wà tó kan gbogbo ẹni tó ń jẹun nídìí áńbà Myanmar, mo sì fi ìyẹn sí ìparí.

Kí ni áńbà gan-an? Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà ní abúlé mọ àtè. A ó ṣá igi, oje rẹ̀ á sun, a ó ṣètò rẹ̀ títí yóò fi lẹ̀ dáadáa, a ó wá fi pa ẹ̀ka igi. Ẹyẹ tó bá bà lé e ti di tiwa. Àtè tí ẹnikẹ́ni kò dẹ ni áńbà. Igi fúnra rẹ̀ ló sun oje, kòkòrò ń rìn kọjá, ó lẹ̀ mọ́ ọn, oje mìíràn dà lé e lórí, gbogbo rẹ̀ já sílẹ̀, ilẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn àìmọye ọdún, ó di ohun líle tó ń dán, tó ní àwọ̀ oyin. Òkú ẹ̀dá tí a bá nínú àpáta máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ bí ewé tí wọ́n há sáàrin ìwé. Èyí tí a bá nínú áńbà ṣì wà bó ṣe wà lọ́jọ́ ikú rẹ̀, débi pé èèyàn lè ka irun ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Àfonífojì Hukawng, ní ìpínlẹ̀ Kachin ní àríwá Myanmar, ni áńbà tí à ń sọ yìí ti wá. Iye ọdún rẹ̀ kì í ṣe àbá. Nínú ilẹ̀ tí wọ́n ti ń wú áńbà náà, àwọn hóró òkúta kan wà tí wọ́n ń pè ní zircon. Uranium inú wọn ń di òjé díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń ka ọjọ́. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ wọn èyí tó ti di òjé àti èyí tó kù, ohun tí wọ́n sì rí, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2012, ni ó fún wa ní mílíọ̀nù 99 ọdún tí gbogbo ènìyàn ń pè yìí.

Mẹ́rin péré ni àpapọ̀ ẹ̀dá tí àwọn ìwé méjèèjì gbé yẹ̀ wò, méjì nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ara rẹ̀ tó nǹkan bí mìlímítà 2.5, ìrù rẹ̀ nìkan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mìlímítà 3. Ìrù gùn ju onírù lọ! Kò sí oró nínú ìrù náà o. Tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó ní oríkèé púpọ̀, ó rí bí okùn pàṣán. Àwọn nǹkan yòókù lára rẹ̀ jọ ti aláǹtakùn: eyín rẹ̀, ẹsẹ̀ mẹ́jọ rẹ̀, ọwọ́ iwájú méjì tí akọ aláǹtakùn fi ń gbé àtọ̀ fún abo. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni àwọn ohun kéékèèké bí ọmọ ìka tó wà nídìí ikùn, tí òwú ń gbà jáde. Ẹ jẹ́ ká pè wọ́n ní ìka òwú. Kò sí aláǹtakùn kan láàyè lónìí tó ní ìrù, bẹ́ẹ̀ a ti ka oríṣi aláǹtakùn tó lé ní 50,000. Kò sì sí ìbátan aláǹtakùn mìíràn láàyè tó ní ìka òwú. Ẹ̀dá yìí ní méjèèjì.

Mo yin iṣẹ́ náà. Ẹ ronú nípa ohun tó ní mìlímítà méjì ààbọ̀, tó wà nínú ohun líle, tí a kò sì gbọ́dọ̀ fọ́. Ẹgbẹ́ Wang lo ẹ̀rọ tó ń fi X-ray ya àwòrán inú nǹkan yíká-yíká, kọ̀ǹpútà sì tò àwọn àwòrán náà pọ̀ títí tí ẹ̀dá náà fi dúró gedegbe lójú wọn. Ohun tí a bá kà nínú àpèjúwe wọn ṣe é gbára lé. Orí ìtumọ̀ tí a fún àpèjúwe náà ni àríyànjiyàn wà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ, torí iṣẹ́ tèmi nìyẹn. Chimera jẹ́ ẹranko inú ìtàn àwọn ará Gíríìsì: kìnnìún níwájú, ewúrẹ́ láàrin, ejò lẹ́yìn. Ẹni tó bá gbọ́ Chimerarachne yóò rò pé ẹ̀dá méjì ni wọ́n rán pọ̀, ìdajì aláǹtakùn, ìdajì nǹkan mìíràn. Ohun tí àwọn oníròyìn sì gbọ́ náà nìyẹn. Àwọn kan ní ó gba ìrù lọ́wọ́ àkekèé. Irú ọ̀rọ̀ tí à ń sọ nípa àdán nìyí, pé kò ṣe eku, kò ṣe ẹyẹ. Ṣùgbọ́n àdán mọ ara rẹ̀. Àwa ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ dàrú mọ́ lójú. Ẹ̀dá inú áńbà yìí kò yá ìrù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìrù náà ti wà nínú ẹbí rẹ̀ láti ayébáyé, òun kàn ni kò sọ ọ́ nù. Orúkọ tó ní àdàlù ni fún ẹ̀dá tí kò dàlù ti ń ṣi òǹkàwé lọ́nà kó tó ka ìlà àkọ́kọ́.

Ẹ wo bí èdè wa ṣe ṣe tiẹ̀. Ẹ tú aláǹtakùn wò, ẹ ó rí "ta okùn" nínú rẹ̀ kedere. Òwe wa náà ní bí aláǹtakùn bá fẹ́ bá ni jà, ṣe ni yóò ta ká ni lára. Iṣẹ́ tó ń ṣe la fi sọ ọ́ lórúkọ. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà ṣe bẹ́ẹ̀: spider wá láti inú ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí kí a ran òwú. Wọ́n ní orúkọ àtijọ́ kan fún un tẹ́lẹ̀, attercop, májèlé ló sì wà nínú ìyẹn. Nínú gbogbo orúkọ wọ̀nyí, èyí tó dárúkọ òwú ló bọ́ sí ojú ibi tí àríyànjiyàn àwọn onímọ̀ wà lónìí. Àwọn baba wa kò ní ẹ̀rọ X-ray, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ohun tó yẹ ní wíwò lára aláǹtakùn.

Àṣìṣe kejì kì í ṣe ti àwọn tó kọ ìwé. Ti àwa tí à ń tún un sọ ni. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó kàwé pàápàá pé "baba ńlá aláǹtakùn" ni wọ́n rí. Kò rí bẹ́ẹ̀. A ti rí òkú aláǹtakùn pọ́ńbélé nínú àpáta tó ti lé ní mílíọ̀nù 300 ọdún. Báwo ni ẹni tó kú ní mílíọ̀nù 99 ọdún sẹ́yìn ṣe máa bí ẹni tó ti wà láyé ní mílíọ̀nù 300? Ìbátan ni, kì í ṣe baba. Ẹbí kan ló pín sí méjì láyé àtijọ́: apá kan sọ ìrù nù, ó sì tàn kálẹ̀ ayé, apá kejì tọ́jú ìrù rẹ̀, ó ń bá ayé rẹ̀ lọ nínú igbó Éṣíà, títí tí oje igi fi ká àwọn mẹ́rin mọ́ ojú ọ̀nà.

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó ní kíláàsì mi, ẹ ti gbọ́ irú àṣìṣe yìí rí. Òun náà ni ti ẹni tó sọ pé Igálà jẹ́ ọmọ Yorùbá, tàbí pé Ìṣẹ́kírì jẹ́ Yorùbá tó bàjẹ́. Àwọn èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde láti inú èdè kan tí ẹnikẹ́ni kò sọ mọ́. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó bí èkejì. Èyí tó bá tọ́jú ohun àtijọ́ jù kò tìtorí bẹ́ẹ̀ di baba fún àwọn yòókù. Mo mọ ìjà tí gbólóhùn yìí lè dá sílẹ̀, síbẹ̀ màá tún un sọ.

Ó kù ibi tí àwọn ìwé méjèèjì ti kọ ẹ̀yìn síra. Kó tó di 2018, a ti mọ ẹ̀dá kan tó ń jẹ́ Attercopus, láti inú àpáta Gilboa ní ìpínlẹ̀ New York, tó lé ní mílíọ̀nù 370 ọdún. Ìtàn tirẹ̀ kọ́ ènìyàn ní sùúrù. Ní 1987 wọ́n kà á mọ́ ìdílé kan tó ti kú run. Ní 1989 wọ́n ní ìka òwú rẹ̀ ni wọ́n rí, wọ́n sì pè é ní aláǹtakùn tó dàgbà jù láyé. Nígbà tó di 2008, Paul Selden àti àwọn méjì mìíràn tún un wò, wọ́n ní kò ní ìka òwú rárá. Ihò òwú ló ní, lórí awọ ikùn rẹ̀, ó sì ní ìrù. William Shear tó ṣáájú ìwé ti 1989 wà lára àwọn tó kọ ti 2008. Inú mi dùn sí ìyẹn gan-an. Wọ́n wá dá ìdílé tuntun sílẹ̀ fún Attercopus, wọ́n pè é ní Uraraneida, ìyẹn àwọn aláǹtakùn onírù, ká sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹgbẹ́ Huang ní inú Uraraneida yìí ni ẹ̀dá inú áńbà wà: òun àti Attercopus ni ọmọ ìyá, àwọn aláǹtakùn sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ẹgbẹ́ Wang ní rárá o, ẹ̀ka àkọ́kọ́ pátápátá tó yà lára igi aláǹtakùn fúnra rẹ̀ ni. Kí ló fa ìyàtọ̀?

Ẹ jẹ́ kí n fi ilé ṣe àpẹẹrẹ. Ará Èkìtì ní ulé, Ìjẹ̀ṣà ní ulé, Òǹdó náà ní ulé. Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn ní ilé. Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní yóò sáré sọ pé, "Prof, ẹ wò ó, Èkìtì àti Òǹdó jọra, torí náà ẹbí kan ni wọ́n, ọ̀tọ̀ ni Ọ̀yọ́." Sùúrù, ọmọ mi. Bí u bá ti wà nínú èdè àwọn baba wọn gbogbo, kí ni Èkìtì àti Òǹdó ṣe pọ̀? Wọn kò ṣe nǹkan kan. Wọ́n kàn tọ́jú ohun tí wọ́n bá nílé ni. Ẹni méjì tí wọ́n kọ̀ tí wọn kò ta ilẹ̀ baba wọn kò tìtorí ìyẹn di ọmọ ìyá kan náà. Àwọn tó sọ u di i ni wọ́n jọ ṣe nǹkan tuntun, nǹkan tuntun tí a jọ ṣe ló sì ń jẹ́rìí pé a jọ gbé ilé kan lẹ́yìn tí àwọn yòókù ti lọ. Ohun àjogúnbá kò pín ẹbí. Ohun àṣẹ̀ṣẹ̀dá ló ń pín in.

Ẹ gbé òfin yìí padà sínú áńbà. Ìrù wà lára Attercopus, ó wà lára ẹ̀dá inú áńbà. Ṣùgbọ́n ó tún wà lára ẹ̀dá tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní whip scorpion, tó jẹ́ ìbátan aláǹtakùn tó ṣì wà láàyè lónìí. Ohun àjogúnbá ni ìrù, ulé ni. Kò lè so Attercopus àti ẹ̀dá yìí pọ̀ sí yàrá kan. Ìka òwú ńkọ́? Kò sí lára whip scorpion, kò sí lára Attercopus. Ó wà lára aláǹtakùn àti lára ẹ̀dá inú áńbà. Ọwọ́ iwájú akọ tí wọ́n yí padà fún gbígbé àtọ̀, bákan náà. Ohun àṣẹ̀ṣẹ̀dá nìyẹn, méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí rèé tí mo fi wà lẹ́yìn Wang.

Kí n má fi ẹ̀tọ́ Huang dù ú. Wọn kò gbé ọ̀rọ̀ wọn ka ìrù nìkan. Àmì púpọ̀ ni wọ́n kó jọ, kọ̀ǹpútà ló sì bá wọn wá igi ẹbí tó bá àmì wọ̀nyẹn mu jù. Wọ́n sì ní ààbò kan tó lágbára: ohun tí a kò rí lára Attercopus lè jẹ́ ohun tó ti ní rí, tó sì ti sọ nù. Àwa náà mọ ọ́n. Bí èdè kan kò bá ní ìró kan lónìí, ó lè jẹ́ pé kò ní in rí, ó sì lè jẹ́ pé ó ti pa á tì. Ohun tó sọ nù kì í kígbe. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ ká gbà pé nǹkan sọ nù, òun ló yẹ kó mú ẹ̀rí wá, torí ìtàn tó ní ìgbésẹ̀ kan rọrùn láti gbà ju èyí tó ní méjì lọ. Bí wọ́n bá rí Attercopus tó ní ìka òwú lọ́la, màá yí ohùn padà lọ́jọ́ náà gan-an.

Ohun kan tún wà tí àwọn tó ń ka irú ìwé yìí gbọ́dọ̀ fi sọ́kàn. Áńbà ń yan ẹni tó ń mú. Ohun kéékèèké ló ń mú, àwọn tó ń rìn lára igi tàbí nítòsí rẹ̀. Ẹ̀dá ńlá yóò já ara rẹ̀ gbà. Èyí tó ń gbé inú ihò jìnnà sí igi kò ní kọjá níbẹ̀. Ẹni tó bá ń fi áńbà ka iye ẹ̀dá inú igbó àtijọ́ dà bí ẹni tó gba ohùn àwọn èèyàn sílẹ̀ ní ààfin nìkan, tó wá kọ gírámà ìlú. Gírámà ààfin ló kọ.

Mo dé ibi ọ̀rọ̀ kẹta. Ilẹ̀ Kachin tí áńbà yìí ti ń wá jẹ́ ilẹ̀ ogun. Ó ti pẹ́ tí ìjà ti wà láàrin ìjọba Myanmar àti ẹgbẹ́ ológun àwọn ará Kachin. Ní 2017, àwọn ọmọ ogun ìjọba wọ agbègbè ibi ìwakùsà áńbà, wọ́n gbà á, àwọn ará abúlé sì sá kúrò nílé. Àwọn tó ń wa áńbà ń sọ̀kalẹ̀ sínú kòtò tóóró tó jìn, tó lè ya lù wọ́n nígbàkígbà. Láti ibẹ̀, ọ̀pọ̀ áńbà ń kọjá sí Ṣáínà, ní ọjà ìlú Tengchong. Òfin Myanmar kò fẹ́ kí òkú ẹ̀dá àtijọ́ jáde láìgba àṣẹ, ṣùgbọ́n ó ka áńbà sí òkúta ẹ̀ṣọ́ tó ṣeé tà. Ihò inú òfin yìí ni gbogbo rẹ̀ ń gbà jáde.

Ní 2020, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹranko eléegun àtijọ́, Society of Vertebrate Paleontology, kọ̀wé sí àwọn olóòtú jọ́nà pé kí wọ́n dá títẹ ìwé jáde dúró lórí ohun tí wọ́n bá rà láti ibẹ̀ lẹ́yìn oṣù Kẹfà 2017. Àwọn onímọ̀ mìíràn tutọ́ sókè, wọ́n fojú gbà á. Wọ́n ní bí onímọ̀ kò bá rà á, wọ́n á fi ṣe ẹ̀gbà ọrùn, ẹ̀rí á sì run. Ọ̀rọ̀ wọn ní ìtumọ̀. Àwa tí a ti rí èdè tó kú kí ẹnikẹ́ni tó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ mọ bí ìbẹ̀rù yẹn ṣe ń rí. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ẹni tí kò sí nínú àríyànjiyàn náà. Nínú ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìwé tó ti jáde lórí áńbà Myanmar, orúkọ onímọ̀ ọmọ Myanmar ṣọ̀wọ́n bí omi ọ̀gbẹlẹ̀. Orúkọ kejì ẹ̀dá tiwa yìí, yingi, ń bọlá fún ẹni tó kó áńbà jọ. Ẹni tó wọ inú kòtò kò ní orúkọ níbì kankan.

Ẹ̀sùn kọ́ ni mo fi kan àwọn tó kọ ìwé méjèèjì yìí. Àṣà iṣẹ́ wọn ni mò ń bá wí, torí ó ti jẹ́ àṣà iṣẹ́ tiwa náà. Ọ̀pọ̀ ìwé gírámà èdè ilẹ̀ Áfíríkà ló wà tí a kò fi mọ orúkọ ẹni tó jókòó láti àárọ̀ dalẹ́ tó ń dáhùn "báwo lẹ ṣe ń sọ èyí?" A kọ́ láti ṣe dáadáa díẹ̀díẹ̀: a ń kọ orúkọ olùsọ-èdè, a ń gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn, a ń fi ẹ̀dà sílẹ̀ fún ìlú. Ìmọ̀ kò kú nítorí rẹ̀. Àwọn onímọ̀ áńbà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n kọ ibi tí ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan ti wá, ọdún tó jáde nínú ilẹ̀ àti ọwọ́ tó gbà kọjá, kí wọ́n sì fi àwòrán X-ray rẹ̀ sí ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní Myanmar fúnra rẹ̀ yóò ti rí i.

Ẹ ka àwọn ìwé méjèèjì bí ẹ bá ráyè, kí ẹ sì kà wọ́n pọ̀. Ẹ ka ti Huang kí ẹ lè rí bí ọlọ́gbọ́n ènìyàn ṣe ń kó àmì jọ. Ẹ ka ti Wang kí ẹ lè rí ohun tí ìka òwú mẹ́rin-márùn-ún lè sọ ju ìrù gígùn kan lọ. Bí ẹ bá ń kà á, ẹ bá mi fi ojú ṣọ́ gbogbo ibi tí wọ́n bá ti ní nǹkan méjì jọra. Ẹ bi wọ́n pé ṣé wọ́n jọ jogún rẹ̀ ni, àbí wọ́n jọ dá a sílẹ̀. Ẹni tó bá ti lè béèrè ìyẹn lórí aláǹtakùn á lè béèrè rẹ̀ lórí èdè, á sì lè béèrè rẹ̀ nígbà tí ẹnì kan bá dìde ní ìpàdé ìlú pé àwa la bí àwọn kan.